Ilẹ̀ tó ṣófo àti ilẹ̀ tí kò ní olúwa

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìwé fúnra yín báyìí, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Lẹ́tà 6 péré ló ní: vacant. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní i, àwọn Faransé náà ní i, wọ́n sì ń kọ ọ́ bákan náà. Ẹnu ni wọn kò fi pè é bákan náà. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é bí ẹni pé "fékáǹtì", Faransé ń pè é bí ẹni pé "fakáàn".

Níbo ni a ti ń rí i? Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú yóò rí i lára ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí nínú rẹ̀, vacant ni yóò hàn níbẹ̀. Àwọn ará wa tó ń lọ wá iṣẹ́ ní Èkó máa ń rí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́: No vacancy. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí àyè iṣẹ́ kankan tó ṣófo, kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ. Inú èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni ó ti wá. Lọ́dọ̀ wọn, vacare ni kí nǹkan ṣófo, tàbí kí ọwọ́ ènìyàn dilẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ti mọ gbòǹgbò yìí láìfura. Vacances tí wọ́n ń yọ̀ mọ́ lọ́dọọdún, ibẹ̀ ló ti hù: àkókò tí ilé-ìwé ṣófo ni.

Bí a bá gbé e dé orí ilé àti ilẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé, vacant ni. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí àlejò kò sí nínú rẹ̀, vacant ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fẹ́ ta ilé lè ṣèlérí fún ẹni tó fẹ́ rà á pé òun yóò fún un ní vacant possession. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́, kò ní bá ayálégbé kankan nínú ilé, kò sì ní bá ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo èyí, ohun tí ojú rí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ó ń sọ pé ènìyàn kò sí nínú ilé. Kò sọ pé ilé kò ní onílé. Kò sí ẹni tó máa sun yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣófo mọ́jú, tí ilẹ̀ bá mọ́ kó ní yàrá náà ti di tòun.

Oyè náà ń ṣófo. Bí ọba bá wàjà ní Kétu, àga rẹ̀ yóò ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Faransé á ní ó di vacant. Ṣùgbọ́n ìdílé ọba 5 ló wà ní Kétu, a sì mọ èyí tí oyè kàn. Àga tó ṣófo kì í ṣe àga tí ẹni tó ń kọjá lọ lè jókòó lé.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tiwa fún ohun tó ṣófo, wọn kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Igbá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, òfìfo ni. Abúlé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí lọ, ahoro ni. Ògiri amọ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí òrùlé ti wó, tí koríko ti bò ó, àlàpà ni. Igbó ńlá tí àdá kò tíì kàn rí, ẹgàn ni. Oko tí a ti ro títí tí ilẹ̀ rẹ̀ fi rẹ̀, tí a wá fi sílẹ̀, a ní ilẹ̀ náà ń sinmi. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn kọjá, yóò ní: kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Òótọ́ ni ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ó bi àgbàlagbà kan ní abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀. Àgbà náà yóò sọ fún un pé ahoro yìí, ti ìdílé báyìí ni. Pé ẹgàn yẹn, àwọn ọdẹ ilé báyìí ló ń dẹ ẹ́. Pé ilẹ̀ tó ń sinmi yẹn, àwọn ọmọ Lágbájá ni yóò padà wá ro ó.

Ààlà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò: pèrègún tí a gbìn, igi ìrókò, etí odò, òkìtì ọ̀gán. Igi ọ̀pẹ àti igi obì ń jẹ́rìí, nítorí pé ẹni tó gbin igi ló ń ká èso rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ kì í fi í jẹ́ kí àlejò tó yá ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbin igi. Àgbàdo, ó lè gbìn ín. Ẹ̀gẹ́, ó lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n igi á pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ, àwọn ọmọ àlejò á sì máa tọ́ka sí i lọ́jọ́ iwájú. Sàréè náà ń jẹ́rìí. Inú ilé ni àwọn bàbá wa máa ń sin òkú wọn sí. Ilé lè wó, ó lè di àlàpà, ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò kó lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí ilẹ̀ fi ń sinmi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé òun ló máa dá ìjà sílẹ̀ níwájú. Láyé tí ajílẹ̀ òyìnbó kò sí, àgbẹ̀ yóò ro ilẹ̀ kan fún ọdún mélòó kan. Iṣu lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́. Nígbà tó bá rí i pé iṣu ń kéré sí i, tí èpò ń pọ̀ sí i, yóò lọ ṣán ibòmíràn. Igbó yóò padà bo ibi àkọ́kọ́. Ewé á máa jábọ́, á máa jẹrà, ilẹ̀ á tún dúdú. Ibi tí ilẹ̀ bá ti pọ̀, ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Gbogbo àkókò yìí, ẹni tó bá wò ó láti ojú ọ̀nà yóò ní igbó lásán ni. Oko ni. Oko tó ń sùn ni.

Ní ti ìlú tó ṣófo, Kétu ni kí a wò. N kò mọ ìlú Nàgó mìíràn tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn tó o. Ó pẹ́ tí Kétu àti Dàhòmè ti ń bá ara wọn jà. Ìlú olódi ni Kétu. Odi amọ̀ yí i ká, yàrà jíjìn yí odi ká, ẹnu ọ̀nà ńlá tí a ń pè ní Àkábà Ìdènà sì ń ṣọ́ àbáwọlé. Ẹnu ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá dé Kétu lè lọ wò ó. Ní ọdún 1886, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀lẹ̀ ń jọba ní Àgbómè, ogun Dàhòmè ṣẹ́gun ìlú náà, wọ́n sì bà á jẹ́. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Dàhòmè. Àwọn tó ráyè sá fọ́n káàkiri.

Bí Kétu ṣe di ahoro nìyẹn. Fún bí ọdún 7 ni kò ní ọba, tí kò sì ní ará ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 7 náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Yúróòpù lọ́hùn-ún, lórí bí wọn yóò ṣe pín apá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fa ìlà kan láti etí òkun gòkè lọ sí àríwá. Ìlà yìí ló pín ilẹ̀ ọba Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ni ààlà Bénin àti Nàìjíríà tí a ń gbà kọjá lónìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa ìlà náà, àwọn tó ni Kétu kò sí nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lóko ẹrú. Lóòótọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ wà nílé, n kò rò pé ẹnikẹ́ni ì bá bi wọ́n léèrè. Àwọn tó wà nílé níbòmíràn lójú ìlà yẹn, a kò bi àwọn náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọ̀gágun Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, kó ogun Faransé wọ Àgbómè. Gbẹ̀hánzìn ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹrú Kétu rí ọ̀nà lọ. Láti ọdún 1893 ni wọ́n ti ń padà bọ̀ wálé. Ní ọdún 1894, Onyegen jọba, ó di Alákétu, wọ́n sì tún ìlú wọn tẹ̀ dó.

Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi bí kálukú ṣe mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ọdún 7 kì í ṣe kékeré fún koríko ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àlàpà wà, igi wà, ojúbọ wà, ibi tí wọ́n sin bàbá sí wà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 20 nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú, kò ju ọmọ ọdún 27 tàbí 28 lọ nígbà tó padà. Kò ní láti bi ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Kétu ṣófo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín wà láàyè, wọ́n ń ro oko olóko ní Dàhòmè. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò lè padà, àwọn tí a ti mú ṣáájú, tí a sì tà sí òkè òkun. Títí di òní olónìí, àwọn ilé òrìṣà ńlá kan ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Kétu.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ náà vacant ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́? Ilẹ̀ Faransé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1804, nígbà tí Napoleon ń ṣàkóso, wọ́n ṣe ìwé òfin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Code civil. Ó wà nínú rẹ̀ pé ohun ìní tó bá jẹ́ vacant et sans maître, ti ìjọba ni. Sans maître ni pé kò ní olúwa. Níbi tí wọ́n ti ṣe òfin yìí, kò burú. Ní ilẹ̀ Faransé, oko ní ìwé, ìwé wà lọ́dọ̀ nótérì, aládùúgbò sì mọ ibi tí oko pin sí. Bí ẹnìkan bá kú tí kò bímọ, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí ìbátan kankan kò sì jáde, ta ni kó jogún ilé rẹ̀? Ìjọba ní òun ni. Ọ̀rọ̀ ilé òkú kan níbí, oko òkú kan lọ́hùn-ún ni.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé gbólóhùn kan náà sọdá òkun. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1904, ìjọba Faransé ṣe òfin fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ gómìnà àgbà wọn ní Dakar. Dàhòmè wà nínú wọn. Òfin náà ní ilẹ̀ tó bá jẹ́ vacant, tí kò sì ní olúwa, ti ìjọba Faransé ni. Gbólóhùn kò yí padà, ibi tí wọ́n gbé e wá ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ta ló ní ìwé lọ́wọ́ nígbà náà? Ìwé wa ni ẹnu àgbà, àti pèrègún, àti sàréè. Òyìnbó tó dúró lójú ọ̀nà rí igbó, kò rí ènìyàn, kò sì rí ìwé. Ó ní vacant ni. Bí ó bá ti ní vacant ni, kò pẹ́ kó ní kò ní olúwa. Méjì ni ọ̀rọ̀ náà nínú òfin, "àti" ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ní ilẹ̀ ṣófo yẹ kó tún lọ wádìí bóyá ó ní olúwa. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1935, òfin mìíràn fi iye ọdún sí i. Ilẹ̀ tí kò bá ní ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò lò, tí ẹnikẹ́ni kò gbé orí rẹ̀ fún ohun tó ju ọdún 10 lọ, ti ìjọba ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka á lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún 10! Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tó jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi dáadáa, òun ni òfin yìí ń lé kiri. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, títí tí kò fi lè hu nǹkankan mọ́, tirẹ̀ kò ní di vacant láéláé. Ẹ sì rántí Kétu. Ọdún 7 ni ó fi ṣófo. Ká ní irú òfin yìí ti wà nígbà náà, ká ní ogun sì fi ọdún 4 pẹ́ sí i, ilé bàbá wọn ì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba kí àwọn onílé tó ti oko ẹrú dé.

Ṣé wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ wa? Rárá o. Àwọn òyìnbó tó wá dá oko ńlá sí Dàhòmè kò pọ̀ bí ti Kenya tàbí ti Algeria. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ pé òfin kan wà. Ṣùgbọ́n òfin wà nínú àpótí, ọjọ́ tí ìjọba bá fẹ́ ilẹ̀ ni yóò mú un jáde. Igbó ni ó kàn jù. Ìjọba amúnisìn ya igbó púpọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní ti ìjọba ni, wọ́n pè é ní forêt classée. Igbó Dogo àti igbó Kétu wà lára wọn. Ẹni tó bá dáko nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ di arúfin, ì báà jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣán an.

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1955, ìjọba Faransé yí ọwọ́ padà. Òfin tuntun gbà pé ẹ̀tọ́ tí àṣà fún ènìyàn lórí ilẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, onílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilẹ̀ òun kò ṣófo. Láti ìgbà yẹn, ìjọba tó bá ní ilẹ̀ ṣófo ni kó fi hàn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ilé ẹjọ́ rí mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá ni ẹjọ́ wúwo fún. Ó kan pẹ́ ni: ọdún 5 péré ló kù kí Dàhòmè gba òmìnira.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn, ní ilẹ̀ Australia. Ní ọdún 1835, òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Batman bá àwọn àgbà ìlú dúnàádúrà lẹ́bàá ibi tí ìlú Melbourne wà lónìí. Ó fẹ́ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọ̀bẹ, dígí àti ìyẹ̀fun gba ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ilẹ̀ ní àwọn tó ni ín. Gómìnà Richard Bourke, tó wà ní Sydney, kéde ní ọdún náà pé àdéhùn yẹn kò jẹ́ nǹkankan. Ó ní ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ojú ẹni tó já wọ ilẹ̀ vacant ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi wò ó. Àwọn àgbà tó bá Batman sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nínú ara, wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ọmọ. Síbẹ̀ òyìnbó ní ilẹ̀ wọn ṣófo.

Ó gba ọdún 157 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Eddie Mabo, ọmọ erékùṣù Mer, àti àwọn ará ìlú rẹ̀ kan pe ẹjọ́ ní ọdún 1982. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn ní ọgbà lórí erékùṣù náà, ààlà wà láàárín ọgbà kan àti èkejì, ọmọ sì ń jogún bàbá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1992, adájọ́ 6 nínú 7 dá wọn láre. Mabo kò gbọ́ ọ. Ó ti kú ní oṣù kìíní ọdún náà.

Àwọn ará Èkó ti ja irú ìjà yìí ṣáájú wọn. Ní ọdún 1861 ni ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Nígbà tó kan owó gbà-má-bínú, wọ́n ní olóyè náà kì í ṣe ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an, ó kàn ń ṣàkóso rẹ̀ ni, nítorí náà owó tó tọ́ sí i kò pọ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kò gbà. Ó pàdánù ẹjọ́ ní ilé. Ní ọdún 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre. Wọ́n ní ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ìdílé, olóyè ń bá wọn dì í mú ni, kí ìjọba san owó tó pé. Orúkọ oyè rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó ń wá ilẹ̀ tí kò ní olúwa kiri, Olúwa gan-an ni wọ́n lọ kò lójú ọ̀nà.

Lọ́dọ̀ wa ní Bénin, òfin ilẹ̀ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà òmìnira. Òfin kan jáde ní ọdún 1965, òmíràn jáde fún ilẹ̀ ìgbèríko ní ọdún 2007. Èyí tí a ń lò báyìí jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2017. Ìwé tó lágbára jù nínú rẹ̀ ni titre foncier. Ṣùgbọ́n ìwé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière. Ìwé yìí ń jẹ́rìí pé ẹnìkan, tàbí ìdílé kan, ló di ilẹ̀ kan mú ní ìlànà àṣà. Kí wọ́n tó fúnni, wọ́n á wádìí ní gbangba, wọ́n á gbọ́ ti ẹni tó bá ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹni tó ń bèèrè. Ibẹ̀ ni ẹnu àgbà àti pèrègún ti wọ inú pápíyè.

Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀ lọ́jọ́ ìwádìí náà. Aládùúgbò á tọ́ka sí ààlà, yóò parí. Ilẹ̀ tó ń sinmi ló ṣòro, àti ti ẹni tó ti lọ sí Abidjan, Èkó tàbí Libreville. Bí ẹnìkan kò bá dìde sọ pé ti ìdílé wa ni, ẹni tó ń kọ̀wé yóò kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó lè má jẹ́ ènìyàn burúkú. Igbó ló rí. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fẹ́ kọ vacant sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n dúró, kí ẹ bi wọ́n pé ṣé pé ènìyàn kò sí lórí rẹ̀ ni wọ́n ń wí, àbí pé kò ní onílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ìdílé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i.

Ní Èkó, àwọn onílé ti wá ọgbọ́n tiwọn. Oníjìbìtì a máa ṣọ́ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. A mú àwọn tó ń wá ilé rà wá síbẹ̀, a tà á fún wọn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Kí onílé tó ti ìrìn àjò dé, ẹni 2 tàbí 3 ti lè sanwó lórí ilé kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i lára ògiri púpọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, lédè Gẹ̀ẹ́sì: This house is not for sale. Ilé yìí kì í ṣe títà. Wọ́n ń kọ ọ́ sára ilé tó ṣófo, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára ilé tí ènìyàn kún inú rẹ̀.